ÌFẸ́ TÍ KÒ NÍ ALÁRINÀ

Gbólóhùn méjì ni ó gba ẹnu àwọn ènìyàn kan ní Ìlú Bìní, láti Ugbowo títí dé Òpópónà Sapele, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ìfẹ́ ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni pé ojúkòkòrò ni ó pa ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Èkejì ni pé ọwọ́ òyìnbó ni wọ́n ti ń gba owó náà, òyìnbó sì jẹ Bìní ní gbèsè. Gbólóhùn méjèèjì yìí ni aṣọ tí wọ́n fi ń bo olè. Ó yẹ kí aṣọ náà ká kúrò, nítorí pé kì í ṣe àárín àwọn ọmọ ìta nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, láàárín àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la, wọn kò sì tijú.

Ti ojúkòkòrò ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé ẹ̀sùn kan síta ní ìlú Los Angeles. Ènìyàn 80 ni orúkọ wọn wà nínú rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Lára ohun tí ìwé náà sọ ni ti obìnrin kan, ará Japan, tí ó pàdé ọkùnrin kan ní 2016 níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀rẹ́ àkọ̀wéránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà ní ọ̀gá ṣọ́jà Amẹ́ríkà ni òun, pé ilẹ̀ Síríà ni wọ́n rán òun lọ, pé wọn kò gba òun láàyè láti lo fóònù níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè obìnrin yìí. Ẹ̀rọ ni ó fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ń dé sọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó yá, ọ̀gá ṣọ́jà ní òun rí àpò dáyámọ́ńdì kan, kí ó ran òun lọ́wọ́ kí àpò náà lè jáde ní Síríà. Láti ìgbà náà ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, lónìí nítorí èyí, lọ́la nítorí tọ̀hún. Láàárín oṣù mẹ́wàá, owó náà lé ní 200,000 dọ́là. Obìnrin náà yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó yá lọ́wọ́ ẹbí, àní ó yá lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ àtijọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ pè é ní olójúkòkòrò yóò tọ́ka sí dáyámọ́ńdì náà. Ṣùgbọ́n olójúkòkòrò wo ni ó ń lọ yá owó lọ́wọ́ ọkọ tí wọ́n ti jọ kọ ara wọn sílẹ̀, kí ó lè fi gba àlejò sílẹ̀ nínú ìyọnu? Olójúkòkòrò a máa kó jọ. Ẹni tí ó wà nínú ìfẹ́ a máa tú ká. Jìbìtì 419 ti àtijọ́, èyí tí wọ́n fi ń sọ fún oníṣòwò pé owó epo rọ̀bì kan wà tí àwọn yóò jọ pín, ojúkòkòrò ni ìdẹ rẹ̀ lóòótọ́. Ti ìfẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Àánú ni ìdẹ rẹ̀, àti ìdánìkanwà, àti ìfẹ́ láti ní ẹnì kan tí yóò máa bi ènìyàn lálẹ́ pé ṣé ó ti jẹun. Ní ọdún 2022, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn 70,000 tí ó mú irú ẹjọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ àjọ FTC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Owó tí wọ́n pàdánù tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Ta ni yóò fi ọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo wọn pátá ni kò ní ìtẹ́lọ́rùn?

Ní Bìní, iṣẹ́ yìí ti ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. HK ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ilé kan ni, tí ọ̀gá kan gbà, tí ó kó àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ sí, tí ó ń bọ́ wọn, tí ó ń ra dátà fún wọn, kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kí wọ́n sì máa fún un ní ìpín tirẹ̀. Àjọ EFCC ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí ọmọ-ẹ̀kọ́ ń gbà níbẹ̀ ni fọ́máàtì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ tí ó bá tú fọ́máàtì kan palẹ̀ yóò rí i pé ó ní ìhun bí ìtàn àròsọ. Ìkíni ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìtàn ìbànújẹ́ ni ó tẹ̀lé e: ìyàwó ti kú, ó ku ọmọ kan ṣoṣo. Ìlérí ni ó tẹ̀lé ìyẹn. Ìṣòro òjijì ni ó sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, kò yẹ̀. Àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kò pọ̀ rárá: ṣọ́jà tí ó wà lójú ogun, ẹnjiníà tí ń wa epo láàárín òkun, dókítà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ sí ibi tí ìjà wà. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣà lẹ́ṣà. Ibi tí wọ́n wà jìnnà, ẹnikẹ́ni kò lè bẹ̀ wọ́n wò, kò sì lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí fóònù wọn kò bá lọ. Ọ̀rọ̀ tí opó kan ń kà lóru, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ó rò pé inú ọkàn ẹnì kan ni ó ti jáde wá, ọmọ ọdún méjìlélógún kan ni ó dà á kọ láti inú fóònù ọ̀gá rẹ̀, ó sì ti fi í ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nínú ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà sí àwọn wọ̀nyí létí ní ilé-ẹjọ́ ní Bìní, kò ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ ọkùnrin ni ó pe ara rẹ̀ ní obìnrin òyìnbó.

Iṣẹ́ fífi lẹ́tà tan ènìyàn kì í ṣe ohun tuntun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Stephen Ellis, nínú ìwé rẹ̀ This Present Darkness, tí ó jáde ní 2016, sọ nípa P. Crentsil, ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà láti fi polówó agbára awo tí ó ní òun ní, tí àwọn ọlọ́pàá sì fi abala 419 inú òfin ìwà ọ̀daràn kàn án ní 1921. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Crentsil a máa pẹ́ lọ́nà. Kí èsì tó lọ, kí òmíràn tó bọ̀, ẹni tí ó gbà á lè fi í han ẹ̀gbọ́n, ó lè fi í han olùkọ́ abúlé. Fóònù kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àṣà Yorùbá. Láyé àtijọ́, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fojú sóde, tí ó rí ọmọ tí ó wù ú, kì í dá lọ bá a. Alárinà ni yóò bá a lọ. Alárinà yìí ni yóò mọ ilé, tí yóò mọ ọ̀nà, tí yóò mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ní agboolé náà, bóyá ajẹgbèsè ni wọ́n, bóyá àrùn kan wà tí ó ń dààmú ìdílé wọn. Àwọn ẹbí yóò ṣe ìwádìí tiwọn, wọn yóò bi Ifá léèrè. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìjọ́hẹn tó ń wáyé, kí ìtọrọ àti ìdána tó tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ti fi àṣà yìí ṣe ẹ̀sín títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní àtojúbọ̀ ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín ọkàn méjì kò kan ẹlòmíràn. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ẹjọ́ wọn, nítorí pé àwọn àgbà náà ṣàṣejù nígbà mìíràn, wọ́n fi tipátipá fa ọmọbìnrin fún ọkọ tí kò fẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàárò ìyẹn. Ṣùgbọ́n fífi ipá fún ọmọ lọ́kọ ọ̀tọ̀, ìwádìí ọ̀tọ̀.

Àwọn Yorùbá ní bí ojú bá mojú tán, alárinà a yẹ̀bá. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ènìyàn fiyè sí nínú òwe yìí ni “tán”. Ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mojú ná. Ohun tí oníjìbìtì ìfẹ́ ń ṣe ni pé ó ń lé alárinà lọ nígbà tí ojú kò tíì mojú, nígbà tí ó jẹ́ pé àwòrán ni ó mọ àwòrán. Ọ̀nà tí ó ń gbà lé e kò lọ́jú pọ̀. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ìbáà ṣe Facebook, ìbáà ṣe Tinder, àwọn tí ó ni ibẹ̀ lè fura sí i kí wọ́n sì tì í jáde. Nítorí náà, kí ọjọ́ mélòó kan tó pé, yóò ní kí ọ̀rọ̀ àwọn kó lọ sórí WhatsApp. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ní kí ìfẹ́ àwọn jẹ́ àṣírí ná, pé àwọn ọ̀rẹ́ yóò jowú, pé kò ní í yé àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá ń béèrè ìbéèrè ni yóò sọ di ọ̀tá. Nígbà tí yóò fi tọrọ owó, kò ní í sí ẹnì kankan tí ó ṣẹ́ kù ní àyíká ẹni náà tí yóò sọ fún un pé kí ó dúró ná. Kí olè yìí tó fọwọ́ kan owó, ó ti jí ẹ̀gbọ́n, ó ti jí ọ̀rẹ́, ó ti jí ọmọ.

Ọgbọ́n orí nìkan kò sì tó láti fi dáàbò bo ara ẹni. Ènìyàn kò lè jẹ́ olùfẹ́ kí ó tún jẹ́ ọlọ́pàá ìfẹ́ náà. Kí ẹni tí ń wá ọkọ tàbí aya lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá ẹnì kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìfẹ́ náà, kí ó sì máa fi gbogbo ọ̀rọ̀ hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àjèjì náà bá fárí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Ẹni tí kò sí nínú ìfẹ́ náà ni yóò rántí béèrè pé ta ni ó mọ ọkùnrin yìí níbi iṣẹ́ tí ó ní òun ń ṣe. Òun ni yóò fi àwòrán rẹ̀ wá inú Google, tí yóò sì rí i pé àwòrán kan náà wà níbòmíràn, tí orúkọ mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Owó kò sì gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ 5,000 náírà, ìbáà jẹ́ pé orí ibùsùn ilé-ìwòsàn ni ó ní òun wà.

Àwọn kan yóò ní ìpè fídíò tó ẹ̀rí. Ó tó ẹ̀rí nígbà kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá Hong Kong kéde pé àwọn ti mú ènìyàn 27 tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà dá ojú arẹwà obìnrin, tí wọ́n sì ń fi ojú náà bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ nínú ìpè fídíò. Owó tí wọ́n rí gbà tó mílíọ̀nù 46 dọ́là. Ojú tí ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù kò ju àwòrán lọ mọ́. Ẹsẹ̀ alárinà tí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ni ẹ̀rọ kò tíì rí ṣe.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju owó lọ. Ẹni tí ó bá fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjèjì ti fi okùn lé e lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Meta sọ pé àwọn ti pa ojú-ewé Instagram tí ó tó 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ènìyàn kí wọ́n lè gbowó. Ní 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí irú ìdẹ́rùbà yìí. Ọmọ ìyá méjì láti Nàìjíríà ni ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6 ní 2024 lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí àwọn tí ń pe iṣẹ́ yìí ní ọgbọ́n àtijẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Gbólóhùn kejì, ti gbèsè òyìnbó, dùn-ún gbọ́ ní Bìní ju ibikíbi lọ, nítorí pé òtítọ́ wà ní ìdí rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìlú náà. Ààfin jóná. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà idẹ àti eyín erin lọ, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tí ó wà títí ó fi wàjà ní 1914. Ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn pé gbèsè kò sí. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ ẹ́? Ǹjẹ́ obìnrin ará Japan náà bá ọ̀gágun Rawson wọ Bìní? Opó wo ní Ohio ni ó gbé orí idẹ pamọ́ sí ìyẹ̀wù rẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bèèrè gbèsè yìí kò sì pamọ́. Jesus College ní Cambridge dá àkùkọ idẹ padà ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Mínísítà Jámánì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fúnra rẹ̀ kó àwọn iṣẹ́ ọnà kan wá sí Abuja ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà ní 2025. Àwọn tí wọ́n gba nǹkan wọ̀nyí padà fi ẹ̀rí àti ìwé bèèrè wọn ní gbangba, orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n ni wọ́n sì ń jẹ́ nígbà tí wọ́n ń bèèrè. Ẹni tí ó lọ gba gbèsè bàbá rẹ̀ kì í fi orúkọ ajigbèsè pe ara rẹ̀.

Ìlú Bìní kan náà ti fi hàn pé òun mọ bí wọ́n ti ń pe ibi ní orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì gégùn-ún ní ààfin fún àwọn tí ń kó ọmọbìnrin lọ ṣe aṣẹ́wó ní Yúróòpù àti fún àwọn olóògùn tí ń bá wọn mú àwọn ọmọ náà búra, ó sì tú àwọn tí wọ́n ti fi ìbúra dè sílẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn kan ń pe òwò ìyẹn náà ní ọ̀nà láti gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣẹ́.

Bí a bá sọ òkò lu ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwọn obìnrin Nàìjíríà náà wà tí wọ́n pàdé “òyìnbó” lórí Facebook, tí òyìnbó náà ní òun ti di ẹ̀bùn ránṣẹ́, góòlù, fóònù àti dọ́là. Láìpẹ́, ẹnì kan yóò pè láti “Kọ́sítọ́ọ̀mù” ní pápákọ̀ òfurufú Èkó pé ẹrù ti dé, kí ó san owó kí wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀. Nọ́ńbà báǹkì tí wọ́n fún un, orúkọ ènìyàn lásán ni ó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba. Òyìnbó náà àti òṣìṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù náà, ó ṣeé ṣe kí orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, EFCC wọ ilé alájà méje kan ní Victoria Island, ní Èkó, wọ́n sì kó ènìyàn 792. Ará Ṣáínà ni 148 nínú wọn, ará Philippines ni 40. Àjọ náà sọ pé wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà síṣẹ́ níbẹ̀ láti máa fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fa àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mọ́ra. Bí ẹran bá ti wọ inú àwọ̀n, àwọn àjèjì náà yóò gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọn yóò sì parí iṣẹ́. Níbo ni gbèsè 1897 wà nínú èyí? Ọmọ Nàìjíríà di alágbàṣe fún olè ilẹ̀ òkèèrè lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Òfin kò ṣàìsí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2006 lórí gbígba owó lọ́nà ẹ̀tàn sọ pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 7, kò gbọdọ̀ ju 20 lọ, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba àti ti ọ̀daràn a máa fẹnu kò, ẹ̀sùn ńlá a sì di kékeré; nígbà mìíràn, nǹkan bí 200,000 náírà ni ẹni tí ó jẹ̀bi yóò san tí yóò sì máa lọ sílé. Lóòótọ́, adájọ́ a máa gba fóònù rẹ̀, a sì máa ní kí ó dá owó olówó padà. Síbẹ̀, ẹni tí ó kó mílíọ̀nù tí ó san 200,000, owó orí ni ó san. Bí ó bá sì délé, onílé kan wà tí yóò gba owó ilé ọdún méjì lọ́wọ́ ọmọ tí kò níṣẹ́ láìbi í léèrè ohunkóhun. Ìjọ kan wà tí yóò pè é jáde wá dúpẹ́. Ẹni tí ó jalè tí ó dàrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ń wí bẹ́ẹ̀ kò bá a ná an.

Ní ẹ̀ka Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ìgbésẹ̀ ìgbéyàwó àbáláyé jẹ́ ìbéèrè tí kì í ṣọ̀wọ́n nínú ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́ ọ sórí: ìfojúsóde, alárinà, ìwádìí, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána. A gba máàkì rẹ̀, a sì jáde lọ mú fóònù láti fi ọkàn rẹ̀ fún àwòrán tí kò mọ ilé rẹ̀, tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ, bí ohun inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ṣe gbé alárinà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tì mọ́ inú díńgí. Nígbà tí wọ́n sì lu akẹ́kọ̀ọ́ kan ní jìbìtì, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ bá a pàdé ní yàrá ìkàwé. Ẹ̀rín yẹn ni oníjìbìtì gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ, nítorí pé òun ni ó ń pa ẹni tí wọ́n lù lẹ́nu mọ́.

Ẹni tí ó bá rí i pé wọ́n ti gba owó òun kò gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ rẹ́, bí ó ti wù kí ó tì í lójú tó, ẹ̀rí ni. Báǹkì ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́, ní wákàtí náà gan-an, nítorí pé bí ó bá di ọjọ́ kẹta, owó náà yóò ti gba àpò mẹ́ta mẹ́rin kọjá. Lẹ́yìn báǹkì ni EFCC, tí ó ní ọ́fíìsì ní Bìní, tàbí àwọn ọlọ́pàá. Bí ẹnì kan tí kò mọ̀ rí bá sì pè é lẹ́yìn oṣù méjì, tí ó kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀, tí ó ní òun lè bá a gba owó náà padà bí ó bá lè kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìnáwó ojú ọ̀nà, àwọn kan náà ni.